Áyọ́ọ̀nù wo ni kí n fi máa jó wáyà nínú ọkọ̀ ojú omi mi?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó ń lo ìgbòkun, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kan sì wà nínú rẹ̀. Bátìrì fólítì 12 méjì ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ínfátà kékeré kan. Níbi tí mo máa ń so ọkọ̀ mọ́, kò sí bí mo ṣe lè fa iná láti orí ilẹ̀. Wáyà iná orí òpó ti já lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo ti fi lẹ́ẹ̀dì (irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́ láti fi lẹ wáyà pọ̀) jó o gan-an ló sì ti ń já. Mo rò pé áyọ́ọ̀nù mi, irinṣẹ́ gbígbóná tí mo fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì náà, ò lágbára tó, mo sì fẹ́ ra òmíràn. Ṣé èyí tó ń lo fólítì 12 ni kí n rà, àbí èyí tó ń lo gáàsì, àbí kí n ra ti inú ilé tó tóbi kí n máa fi ínfátà gbé e? Wáàtì mélòó ló tó?

Ìdáhùn

Ẹ kú wàhálà orí òpó o. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ mẹ́nu ba ibi tí wáyà yẹn ti ń já. Ká ní ẹ ò sọ ọ́ ni, orí wáàtì ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà ì bá lọ ra áyọ́ọ̀nù ràgàjì, wáyà náà ì bá sì tún já lẹ́ẹ̀kẹta.

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ mú orí wáyà tó já yẹn kí ẹ wò ó lójú ọ̀sán gangan. Inú lẹ́ẹ̀dì kọ́ ló ti já. Ibi tí lẹ́ẹ̀dì parí sí, tí wáyà tó rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló ti já. Bí lẹ́ẹ̀dì bá ti yọ́, ṣe ló máa ń fà wọ àárín àwọn fọ́nrán bàbà bí epo ṣe ń fà gun òwú àtùpà, á sì wọ abẹ́ rọ́bà lọ síbi tí ojú yín ò tó. Bó bá ti tutù, ọ̀pọ̀ fọ́nrán tó ń tẹ̀ bí okùn á di ọ̀pá kan ṣoṣo. Ọkọ̀ ojú omi kì í sì í sinmi. Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n ọ́n, ìgbì ń gbá a, afẹ́fẹ́ ń mi òpó síhìn-ín sọ́hùn-ún. Gbogbo títẹ̀ tó yẹ kí wáyà pín kiri ara rẹ̀ á wá kó jọ sójú kan, létí ọ̀pá yẹn. Fọ́nrán kan á kán, èkejì á tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀, títí di òru ọjọ́ tí iná máa kú.

Nítorí náà, kì í ṣe àìlágbára áyọ́ọ̀nù yín ló fà á. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ tiẹ̀ jó o dáadáa jù.

Àjọ American Boat & Yacht Council, tó ń ṣe ìlànà fún àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìlànà wọn tó ń jẹ́ E-11 pé lẹ́ẹ̀dì nìkan kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tó di wáyà mú. Ohun mìíràn gbọ́dọ̀ ti dì í mú gírígírí kí lẹ́ẹ̀dì tó débẹ̀. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ gbígbọ̀n, ìdí kejì tún wà tí mo fara mọ́ ọn. Bí ojú ìsopọ̀ kan bá ń gbóná nítorí iná tó ń gbà á kọjá pọ̀ jù, lẹ́ẹ̀dì lè yọ́, wáyà á sì bọ́ sílẹ̀ tòun ti iná lára. Èyí tí irin bá fún mọ́ra kò níí bọ́ bẹ́ẹ̀.

Wáyà orí òpó yín, kírímpà ló ń fẹ́, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń fún lọ́ọ̀gì (irin kékeré tí wọ́n ń fi sí orí wáyà kí ó lè ṣeé so mọ́ nǹkan) tàbí páìpù bàbà kékeré mọ́ orí wáyà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà pọ́ǹpù tó ń fa omi ikùn ọkọ̀ síta, wáyà iná inú ilé ọkọ̀, àti gbogbo ohun tó ń lọ sídìí pánẹ́ẹ̀lì fíúùsì. Kébù bátìrì ní tiẹ̀ kò tiẹ̀ sí lára ohun tí ẹ máa gbé áyọ́ọ̀nù sí. Bàbà tó nípọn tó àtàǹpàkò á fa gbogbo ooru yín lọ, lẹ́ẹ̀dì á sì lẹ̀ mọ́ òde láìwọ inú. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní kírímpà ńlá bá yín fún un.

Kí ló wá kù fún áyọ́ọ̀nù? Ó kù díẹ̀, àmọ́ díẹ̀ náà kò ṣeé fojú fò. Bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ tó ń sọ jíjìn omi, tàbí ti ṣájà, tí ẹsẹ̀ kan ti yọ lára rẹ̀. Wáyà tín-ín-rín inú pílọ́ọ̀gì ẹ̀rọ atọ́nà, tí kò sí lọ́ọ̀gì tó kéré tó o. Ẹsẹ̀ súwíìṣì tí wọ́n ṣe fún jíjó láti ilé iṣẹ́. Àti pílọ́ọ̀gì áńtẹ́nà rẹ́díò VHF, èyí tí mo ń bọ̀ wá bá nísàlẹ̀ torí òun ló ń tú àṣírí áyọ́ọ̀nù. Iṣẹ́ kéékèèké nìyí, ibi híhá sì ni wọ́n sábà máa ń wà. Òun ló yẹ kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n ohun tí ẹ máa rà.

Ẹ jẹ́ ká wá mú àwọn mẹ́ta tí ẹ dárúkọ.

Ti inú ilé tí ínfátà ń gbé ń ṣiṣẹ́, kò sí irọ́ níbẹ̀. Èyí tó jẹ́ wáàtì 60 máa fa bí ámpù márùn-ún ààbọ̀ tàbí mẹ́fà lára bátìrì yín, tí a bá ka ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ mọ́ ọn. Ìyẹn ò pọ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀ ni fólítì 230 lórí wáyà gígùn tó ń wọ́ gba ibi tó tutù kọjá, lọ́wọ́ ẹni tó kúnlẹ̀ sínú omi ikùn ọkọ̀. Bí ẹ bá ti ní in nílé, ẹ máa lò ó lórí tábìlì tó gbẹ. Ẹ má lọ ra á nítorí ọkọ̀.

Ti fólítì 12 tó jẹ́ pé ẹ kàn máa gbé kílíìpù rẹ̀ lé orí bátìrì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ rà, torí ó dà bíi pé ọkọ̀ ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò kan fún yín. Bí fólítì bá ń gòkè, wáàtì á gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí fólítì lọ́nà fólítì ni. Áyọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ wáàtì 40 sí lára ní fólítì 12, bí ẹ bá lò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí bátìrì wà ní fólítì 14.4, á di wáàtì 57 ó lé. Ẹnu rẹ̀ á pọ́n, á sì bó ojú bàbà kúrò lára bọ́ọ̀dù yín. Bí bátìrì bá wá lọ sílẹ̀, tí wáyà tín-ín-rín rẹ̀ tún jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé fólítì 11 péré ló dé ẹnu áyọ́ọ̀nù, bíi wáàtì 33 lẹ ní lọ́wọ́. Áyọ́ọ̀nù kan náà, iṣẹ́ kan náà, láàárọ̀ ó ń jó bọ́ọ̀dù, lálẹ́ kò lè yọ́ lẹ́ẹ̀dì. Ohun tí ẹ ń wá ni èyí tó ń wọn ooru ẹnu ara rẹ̀, tó sì ń dá a dúró síbi tí ẹ bá yàn.

Irú èyí wà báyìí, kò ju bírò ńlá lọ: Pinecil, TS101 àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Òun lèmi máa ń gbé. Ṣùgbọ́n ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ tó ń mú àwọn ọlọ́kọ̀. Wọ́n á kà á pé ó ń lo fólítì 12 títí dé 24, wọ́n á wá so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀ tààrà, wọ́n á sì máa ṣàròyé pé kò gbóná. Ìṣirò kan náà ni. Ẹnu tó jẹ́ óòmù 8 (óòmù la fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó), wáàtì 18 péré ló ń rí ní fólítì 12. Ní fólítì 20, wáàtì 50 ni. Ẹnu kúkúrú tó jẹ́ óòmù 6.2 tiẹ̀ ń sún mọ́ 65. Nítorí náà, ẹ má so ó mọ́ bátìrì tààrà. Ẹ ra ṣájà USB-C irú èyí tí wọ́n ń pè ní PD, tó ń gba fólítì 12 ọkọ̀ tó sì ń tú fólítì 20 jáde, wáàtì 65. Tàbí kí ẹ ra páwà báǹkì tó lè tú iye yẹn. Páwà báǹkì lèmi yàn ju ṣájà lọ, torí pé bí ẹ bá fẹ́ jó wáyà ọkọ̀, ó yẹ kí ẹ ti pa iná gbogbo ọkọ̀ náà ná. Áyọ́ọ̀nù tó ń jẹun lára bátìrì ọkọ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ pa á.

Bó bá jẹ́ pé ẹ ti ní díríìlì alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ fólítì 18, ẹ wò ó bóyá àwọn tó ṣe é ní áyọ́ọ̀nù tó ń wọ bátìrì kan náà. Òun náà dáa, ó kàn máa ń wúwo lọ́wọ́ ni.

Ti gáàsì ńkọ́? Mo ní ọ̀kan, mi ò sì ní í tà á. Ó ń gbóná kíákíá, kò ní wáyà, bí ẹ bá sì yọ ẹnu rẹ̀, atẹ́gùn gbígbóná tó ń tú jáde dára púpọ̀ fún rọ́bà asúnkì, ìyẹn rọ́bà tó máa ń sún kì mọ́ wáyà bí ooru bá kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe mí. Mo ń jó ẹsẹ̀ súwíìṣì kan lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì, ojú mi wà lára ẹnu áyọ́ọ̀nù, iṣẹ́ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Òórùn rọ́bà ló ta sí mi nímú. Irú áyọ́ọ̀nù yìí ní ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn tí èéfín gbígbóná ń gbà jáde. Ihò yẹn ti dojú kọ ìdì wáyà mìíràn tí mi ò tiẹ̀ wò. Mẹ́ta ti yọ́ pọ̀ kí n tó fà á kúrò. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún di ti ọjọ́ kan ààbọ̀.

Ìyẹn tiẹ̀ kéré. Iná ni áyọ́ọ̀nù gáàsì, kò yàtọ̀ sí pé ẹ gbé ìṣáná tó ń jó wọ inú ọkọ̀. Bí bátìrì olómi bá ń gba iná, ó ń tú gáàsì haidirójìn, tó bá sì ti tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibẹ̀, iná lè ràn án. Òórùn bẹntiróòlù àti gáàsì ìdáná ní tiwọn wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ikùn ọkọ̀ ni wọ́n máa ń lọ kó sí, wọn kì í sì í tètè jáde níbẹ̀. Mi ò kì í tan ti gáàsì nínú yàrá ẹ́ńjìnnì tàbí nítòsí àpótí bátìrì, ká tiẹ̀ ní gbogbo fèrèsé wà ní ṣíṣí. Lókè òpó, afẹ́fẹ́ ń pa á. Nígbà òtútù líle pàápàá, gáàsì bútéènì kì í fẹ́ jáde nínú agolo rẹ̀, torí bó bá ti tutù kọjá nǹkan bí òdo lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, kò ní ru mọ́. Ẹ má fọkàn tán áyọ́ọ̀nù oníná mọ̀nàmọ́ná náà nítòsí gáàsì o, nítorí náà, ẹ̀yin ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ gbóòórùn ikùn ọkọ̀ kí ẹ tó tan ohunkóhun.

Ẹ bi mí ní wáàtì mélòó. Mo ti fi wáàtì 65 síwájú yín, ṣùgbọ́n ẹnu áyọ́ọ̀nù ṣe pàtàkì jù ú lọ. Èyí tó rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ ló sábà máa ń wà nínú páálí, òun náà sì ni kò wúlò jù. Orí kínní kékeré kan ló ti ń fara kan wáyà, ooru ò ráyè kọjá. Ẹ ra èyí tí ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ bíi ti súkúrúdíráfà, mìlímítà méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ní fífẹ̀, kí ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́, kì í ṣe ṣóńṣó rẹ̀. Ẹ tún ra ẹnu tín-ín-rín kan fún bọ́ọ̀dù. Lẹ́ẹ̀dì tó jẹ́ 63 tánńganran, 37 òjé, máa ń yọ́ ní 183 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Èyí tí kò ní òjé nínú máa ń tó 217 títí dé 227. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù sí bíi 350. Oje igi ni kó wà nínú ikùn lẹ́ẹ̀dì náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní èyí tó ní ásíìdì, tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi ń lò. Bàbà yín á jẹrà láàárín oṣù mélòó kan.

Mo ní mò ń bọ̀ wá bá pílọ́ọ̀gì áńtẹ́nà. PL-259 ni wọ́n ń pè é. Irin rọ̀bọ̀tọ̀ kan ni, ihò mẹ́rin wà lára rẹ̀ tí àwọ̀n bàbà kébù ń yọjú níbẹ̀, ẹ sì ní láti mú lẹ́ẹ̀dì gba inú ihò yẹn dé ara àwọ̀n. Irin náà ń fa ooru bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń fa omi. Ẹni tí áyọ́ọ̀nù rẹ̀ ò lágbára á gbé e lé e, á dúró, á dúró. Lẹ́ẹ̀dì á kó jọ sórí ihò bí ìlẹ̀kẹ̀, kò níí wọlé. Ní gbogbo àkókò tó fi ń dúró yẹn, ooru ti ń rìn lọ sínú. Rọ́bà funfun tó ya okùn àárín sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀n kì í fara da ooru omi híhó pẹ́ títí. Á rọ̀, okùn àárín á rì wọ inú rẹ̀ lọ fara kan àwọ̀n, rẹ́díò yín á sì dákẹ́. Ẹ rí i pé áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná tó ló ba kébù jẹ́. Èyí tó lágbára á wọlé, á yọ́ lẹ́ẹ̀dì ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á sì jáde kí rọ́bà tó mọ̀.

Fún àwọ̀n PL-259, wáàtì 100 tó ní ẹnu ńlá ló dùn ún lò, áyọ́ọ̀nù kékeré tí mo yìn yẹn máa là á kọjá ni pẹ̀lú òógùn. Ohun tí mo ń ṣe nínú ọkọ̀ ni pé mo máa ń ra irú PL-259 tí àwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ti kírímpà, kí n wá fi áyọ́ọ̀nù jó okùn àárín nìkan sí imú rẹ̀. Ẹ tẹ ẹnu áyọ́ọ̀nù mọ́ ẹ̀gbẹ́ imú yẹn, kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kan ihò orí rẹ̀. Bó bá gbóná tó, ṣe ló máa gbé lẹ́ẹ̀dì náà mì lójijì. Ẹ ó rí i tó ń dán yíká okùn bàbà, kò ní wú síta. Ẹ fi mítà wò ó lẹ́yìn náà: láàárín imú àti ara pílọ́ọ̀gì, kò gbọdọ̀ sí nǹkan kan tó ń kọjá. Ẹ yọ òdìkejì kébù kúrò lára áńtẹ́nà kí ẹ tó wò ó, torí áńtẹ́nà mìíràn wà tó ń so méjèèjì pọ̀ nínú ara rẹ̀, á sì dà bíi pé ẹ bà á jẹ́.

Áyọ́ọ̀nù tó gbóná nínú ọkọ̀ tó ń mì, níbo lẹ máa gbé e sí? Ẹ má gbé e lé etí tábìlì o. Agolo irin kan tí ẹ fi súkúrúù kàn mọ́ pákó tó wúwo tó, kí kànrìnkàn idẹ wà nínú rẹ̀ tí ẹ máa fi nu ẹnu rẹ̀. Ẹ má fi sáńdípépà ha ẹnu náà láé. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bo bàbà inú rẹ̀, bí ẹ bá ha á kúrò, lẹ́ẹ̀dì á jẹ bàbà náà tán. Bí ẹ bá parí iṣẹ́, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì tuntun bo ẹnu náà kí ó tó tutù, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú ike tó dé pinpin, torí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ò mọ olówó iyebíye.

Ó wá ku wáyà orí òpó yín. Ẹ ra páìpù ìsopọ̀ tí rọ́bà asúnkì ti wà lára rẹ̀, irú èyí tó ní gúlúù nínú. Ẹ fún un ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ fà á dáadáa bóyá á bọ́, kí ẹ tó wá fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i títí gúlúù fi yọjú létí rẹ̀ yíká. Ẹ má jẹ́ kó máa jù fìrìfìrì. Ẹ so wáyà mọ́ nǹkan lókè àti nísàlẹ̀ ojú ìsopọ̀ náà, lẹ́bàá rẹ̀ tímọ́tímọ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fún ohunkóhun, ẹ bó rọ́bà wáyà náà kí ẹ wo àwọ̀ bàbà rẹ̀. Bó bá pupa tó ń dán, tàbí tó funfun nítorí tánńganran tí wọ́n fi bò ó, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá dúdú, iyọ̀ ti wọ inú rẹ̀ lọ. Lẹ́ẹ̀dì ò ní lẹ̀ mọ́ ọn, kírímpà náà ò sì ní rí ojú bàbà tó mọ́ dì mú. Ẹ máa gé e díẹ̀díẹ̀ títí ẹ fi máa bá ibi tó mọ́. Bí ẹ bá gé tó sẹ̀ǹtímítà 30 tó ṣì dúdú, wáyà tuntun ló kàn. Kí ẹ tó fa ògbólógbòó yẹn jáde nínú òpó, ẹ so okùn tó lágbára mọ́ ìdí rẹ̀, kí okùn náà lè dúró nínú òpó fún fífa tuntun wọlé.